Elégbè Ló Tú Èpè: Orin "Alive" àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Pearl Jam

Nínú gbogbo ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì tó ti Amẹ́ríkà jáde ní apá ìparí ọ̀rúndún ogún, grunge ni àwọn alámèyítọ́ máa ń tètè so mọ́ ìrora ọkàn. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n mú ìkanra lára orin punk, wọ́n mú ìwúwo lára heavy metal, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ti ìró gìtá kọjá ibi tó lè gbé dé, títí ó fi ń há, tó sì ń kùn, tí ohùn akọrin wá ń là á kọjá bíi ti ẹni tó ń pe èèyàn láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ata. Àwọn ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kéékèèké tí kò sí lábẹ́ àwọn àgbà oníṣòwò orin, àwọn tí a mọ̀ sí indie, ló kọ́kọ́ gbà á sọ́dọ̀. Sub Pop ti Seattle lókìkí láàárín wọn, òun ló sì gbé iṣẹ́ ẹgbẹ́ Green River jáde ní 1987, ẹgbẹ́ tí Stone Gossard tó ń ta gìtá àti Jeff Ament tó ń ta báàsì ti jọ wà kí wọ́n tó dá Pearl Jam sílẹ̀. Ní ti ìwé àdéhùn, Pearl Jam kì í ṣe ẹgbẹ́ indie, nítorí Epic, ilé-iṣẹ́ ńlá, ló gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, Ten, jáde, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn indie ni wọ́n ti tọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀ dàgbà.

Ikú méjì ló wà nídìí ẹgbẹ́ yìí. Ti àkọ́kọ́ ni ti Andrew Wood, ẹni tí ń lé orin fún Mother Love Bone, ẹgbẹ́ tí Gossard àti Ament wà lẹ́yìn Green River. Heroin ló pa á ní oṣù kẹta ọdún 1990, nígbà tí àwo wọn, Apple, kò tíì jáde. Ikú kejì ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, ọ̀nà jíjìn sì ni. Eddie Vedder, tó wá di akọrin Pearl Jam, tí wọ́n bí ní Evanston, ìpínlẹ̀ Illinois, ní 1964, dàgbà sọ́dọ̀ ọkọ tí ìyá rẹ̀ tún fẹ́, ó sì gbà pé ọkùnrin yẹn ni bàbá òun. Ìgbà tó di ọ̀dọ́langba ni ìyá rẹ̀ tó là á yé e pé ẹlòmíràn ló bí i, pé àrùn multiple sclerosis, àrùn tó máa ń ba iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, sì ti pa onítọ̀hún. Ó ti rí ọkùnrin náà sójú rí. Ọ̀rẹ́ ẹbí ni wọ́n pè é fún un. Ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́ le ju ọ̀fọ̀ lásán lọ, nítorí ọjọ́ tó ní bàbá náà ló pàdánù rẹ̀, kò sì sí ìsìnkú tó lè lọ mọ́.

Jack Irons, onílù tó ti wà nínú Red Hot Chili Peppers, ló fi kásẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn ará Seattle náà gba orin sí lé Vedder lọ́wọ́ ní San Diego, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ òru nílé epo. Gìtá, báàsì àti ìlù nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Vedder tẹ́tí sí i, ó lọ fi pátákó gun ìgbì òkun, ọ̀rọ̀ sì dé. Ó gba ohùn rẹ̀ sórí àwọn orin náà, ó fi ránṣẹ́ padà. Mẹ́ta nínú wọn, "Alive", "Once" àti "Footsteps", so pọ̀ di ìtàn kan tó pè ní Mamasan: ọmọkùnrin kan gbọ́ òtítọ́ nípa bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá ń wo àwòrán ọkọ tó ti kú lára rẹ̀ lọ́nà tí kò yẹ, orí rẹ̀ dàrú, ó di apànìyàn, ó sì parí sí ẹ̀wọ̀n níbi tó ti ń dúró de ikú. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà jẹ́ ti Vedder gan-an. Ìyókù jẹ́ àròsọ. Nínú ìtàn yìí, wíwà láàyè jẹ́ ìyà fún ọmọ náà, bí ẹni tí wọ́n fi gégùn-ún, ohun tí ègbè "Alive" sì ń sọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Bí a bá wá fetí sí bí wọ́n ṣe to orin náà, a ó rí ibi tí nǹkan ti yí. Nínú àwọn ẹsẹ tó ń sọ ìtàn, ohùn Vedder wà nísàlẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ mì, débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè má mọ ẹni tó kú. Nígbà tó bá kan ègbè, ohùn náà á gòkè, ọ̀rọ̀ á kéré, kò ní sí bàbá, kò ní sí ìyá nínú rẹ̀. Pé ẹni tó ń kọrin ṣì wà láàyè nìkan ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, Mike McCready, tó ń ta gìtá fún Pearl Jam, á gba orin náà, á sì ta gìtá fún ohun tó ju ìṣẹ́jú kan lọ títí orin á fi parí, láìsí pé ọ̀rọ̀ ń darí ẹnikẹ́ni mọ́. Òǹkọ̀wé ìtàn tó bá fẹ́ kí a di èpè rẹ̀ mú kò ní fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn èrò ló wọ inú àlàfo náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n ya fídíò orin yìí, ní dúdú àti funfun, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti ń ṣeré níwájú èrò ní RKCNDY, gbọ̀ngàn kan ní Seattle. Ìró eré ọjọ́ náà ni wọ́n lò, wọn kò lo ti àwo. Àwọn èèyàn ń fò, wọ́n ń gbé ara wọn lé orí, wọ́n sì ń gbe ègbè bí ẹni tó ń ṣọpẹ́. Wọn kò mọ Mamasan, kò sì sí ohun tó yẹ kó mú wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣi orin náà gbọ́ sí rere. Vedder fúnra rẹ̀ ṣàlàyé nínú ètò tẹlifíṣọ̀n VH1 Storytellers ní 2006 pé àwọn èrò yìí ló yí ìtumọ̀ orin náà padà, tí wọ́n sì mú èpè náà kúrò. Àlàyé tí akọrin ṣe nípa iṣẹ́ ara rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà ṣe é gbé ara lé, ṣùgbọ́n èyí bá ìtò orin náà mu. Kíkọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá olùlé gbé e ni ìwòsàn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí ta ko èyí, kò sì yẹ ká fọwọ́ bò ó. Kurt Cobain, akọrin grunge, pa ara rẹ̀ ní 1994, Layne Staley ti Alice in Chains, ẹgbẹ́ grunge mìíràn, kú ní 2002, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti bá àwọn náà gbe ègbè. Ti Chris Cornell, akọrin Seattle mìíràn, ló dunni jù fún kókó yìí. Òun àti Andrew Wood ti jọ gbé ilé kan náà, òun ló sì kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ láti ṣe Temple of the Dog, àwo ìdárò tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1991. Nígbà tí wọ́n ń fi "Hunger Strike" dánra wò, Cornell ń gbìyànjú láti dá lé apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ orin náà. Vedder, àlejò tó ń dúró de àkókò tirẹ̀, bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gba apá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Cornell pa ara rẹ̀ ní 2017. Àwọn ọdẹ Yorùbá tó ń fi ìrèmọ̀jé dárò ẹgbẹ́ wọn máa ń ṣe é níbi ètùtù ìṣípà, ètùtù tí wọ́n fi ń yọ olóògbé kúrò láàárín àwọn tó ṣẹ́kù, tí ó sì ní òpin. Rọ́ọ̀kì kò ní irú ètùtù bẹ́ẹ̀: ọgbẹ́ kan náà ni olórin á máa tú fún èrò lálaalẹ́, láti ìlú dé ìlú. Nítorí náà, èrò nìkan kò tó. Orin tó bá ti ti ìlẹ̀kùn ìtumọ̀ rẹ̀ pa kò fún elégbè ní ohunkóhun láti yí padà.

"Release", tó gbẹ̀yìn àwo Ten, jẹ́ àpẹẹrẹ òdìkejì tó wúlò. Bàbá ni akọrin ń bá sọ̀rọ̀ tààrà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sì ni, tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìgbọ́. Nígbà tí Brendan O'Brien, olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ orin, tún àwo náà pò ní 2009, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ráhùn nípa bí gbohùngbohùn, ìyẹn ìró tó ń dún padà bíi láti ọ̀nà jíjìn, ṣe bo orin rẹ̀ ní 1991, ó mú ohùn Vedder wá sí tòsí. Ó dára fún "Alive", nítorí ọ̀rọ̀ inú àwọn ẹsẹ wá yéni, èpè náà sì hàn kedere kí ègbè tó dé. Fún "Release", ti àtijọ́ ló ṣì dára jù: ẹni tí akọrin ń pè níbẹ̀ kò sí nítòsí, ìró tó jìnnà yẹn sì bá ipò náà mu ju ti tuntun lọ.