Àwòrán Ìtànná Ilá àti Ìṣápá: Ibo Ni Ó Yẹ Kí Ó Mọ́ Gaara?

Ìdájọ́ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe lórí àwòrán òdòdó kò ju ẹyọ kan lọ: yálà ó mọ́ gaara, tàbí ó rí bàìbàì. Ìdájọ́ yìí kò tó. Ohun tí ó yẹ kí olùwò kọ́kọ́ bèèrè ni pé apá wo lára òdòdó náà ni ó mọ́, kí sì ni mímọ́ rẹ̀ fi hàn.

Dei-Dei ní Àbújá jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí ìbéèrè yìí ti le. Ọjà pákó àti ohun èlò ìkọ́lé ni ọ̀pọ̀ fi mọ ibẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ, wọ́n ń bọ̀, eruku sì ń tẹ̀lé wọn. Bí ayàwòrán bá bá ilá tí ó tanná pàdé lẹ́yìn ilé kan níbẹ̀ ní ìparí òjò, iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn. Bí awò ẹ̀rọ bá ṣe ń sún mọ́ òdòdó ni ibi tí yóò mọ́ gaara ń tín-ín-rín sí i. Nígbà tí àwòrán inú ẹ̀rọ bá tó ìlàjì òdòdó gan-an, ibi tí ó mọ́ náà kò ju nǹkan bí mílímítà 4 lọ, bí wọ́n tilẹ̀ fún ojú ihò ìmọ́lẹ̀ pọ̀ dé 11. Atẹ́gùn tí ènìyàn kò mọ̀ lára ti tó láti gbé ìtànná kúrò níbẹ̀.

Karl Blossfeldt, ọmọ Jámánì tí ó kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Berlin, yẹra fún ìṣòro yìí. Àwọn ewéko inú ìwé rẹ̀, Urformen der Kunst, tí ó jáde ní 1928, mọ́ débi pé èéhù wọn dà bí irin tí alágbẹ̀dẹ lọ́. Ṣùgbọ́n gígé ni ó gé wọn, tí ó sì tò wọ́n síwájú ẹ̀rọ. Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí eruku. Kò sì sí ilẹ̀ tí wọ́n hù lórí rẹ̀ mọ́. Owó ńlá ni ó san fún mímọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó sàn jù wà nílé. J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Ẹ̀yìn orí ni ó ti ya púpọ̀ nínú wọn. Ojú onírun pamọ́, nítorí pé ibi tí ọwọ́ onídìrí ti ṣiṣẹ́ ni ó fẹ́ kí a wò.

Ta ni ó ń wo ẹ̀yìn òdòdó? Ìtànná ilá ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, àárín rẹ̀ sì pupa dúdú. Ìtànná ìṣápá náà sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Kí ayàwòrán ya méjèèjì láti iwájú, kí wọ́n mọ́ bí ó ti wù kí wọ́n mọ́, olùwò lè má mọ èwo ni èwo. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀rí wà. Ife tí ó gbé ìtànná ìṣápá ró nípọn, kì í sì í bá ìtànná rọ̀ dànù. Òun gan-an ni a ń já fi se ọbẹ̀, pupa rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ti ilá fẹ́lẹ́. A máa ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì bá ìtànná bọ́ sílẹ̀. Ní iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, níbi tí ìṣápá ti ń di orúkọ lásán lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dé oko rí, àwòrán iwájú tí ó rẹwà yẹn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ìyókù kò ju sùúrù lọ. Kí ojú ẹ̀rọ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ife náà. Kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé ẹ̀ka dúró. Kí aṣọ funfun dín oòrùn kù. Kí ó sì jẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú títì, nítorí pé kí ọjọ́ tó rọ̀, ìtànná tí ó là ní ìdájí ti ká jọ.