Ariwo Tí A Gé Dànù: Fóònù, Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ àti Olùgbọ́ nínú Lítíréṣọ̀ Alohùn

Ìfáàrà

Kò sí olùkọ́ kan nínú wa ní àpérò yìí tí kò ní fóònù lọ́wọ́. Òun la fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, òun la fi ń dá olórí ẹ̀ka lóhùn, òun náà la sì fi ń wo fíìmù àti bọ́ọ̀lù nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Ọ̀pọ̀ bébà ló ti wà lórí bóyá fóònù ń ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ tàbí ó ń bà á jẹ́. A kò fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí lítíréṣọ̀ alohùn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ NCE bá fi fóònù gbà á sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀? Kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí mọ̀lẹ́bí bá fi irú fóònù kan náà gbà á sílẹ̀ fún ìgbádùn ara wọn? Èrò wa ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí wọ́n gbà fún ìgbádùn ló sàn jù, àti pé àwa olùkọ́ la fà á.

Ogbe-Ijoh ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá lọ́kàn. Ìlú Ijaw létí omi ni Ogbe-Ijoh, nítòsí Warri, ibẹ̀ sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Warri South West ní Ìpínlẹ̀ Delta. A bá alábàáṣiṣẹ́ wa kan tó jẹ́ ọmọ Ijaw lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sìnkú ìyá rẹ̀. Ní alẹ́ àìsùn, àwọn obìnrin ń kọrin, wọ́n ń jó, bàbá àgbàlagbà kan sì ń sọ ìtàn olóògbé láàárín orin kan sí èkejì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a yọ fóònù, a nà án sí bàbá náà. Ó dákẹ́. Ó fi Píjìn bi wá pé ta ni à ń gbà á fún. A ní ilé-ẹ̀kọ́ ni. Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé, ó tún ìjókòó ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́. Àwọn tó ti ń dá sí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ pa ẹnu mọ́. Nígbà tí a dá fóònù padà sápò ni ariwo tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n alábàáṣiṣẹ́ wa ti ń fi fóònù tirẹ̀ gba ohun gbogbo sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní nǹkan kan. Ó ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọn kò rí àyè wálé ni. Ní òwúrọ̀ a bẹ̀ ẹ́ kó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A kò gbọ́ èdè Izon, ṣùgbọ́n bí alábàáṣiṣẹ́ wa ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ó hàn gbangba pé ìdajì ìtàn náà kò ti ẹnu bàbá yẹn jáde rárá. Obìnrin kan ló sọ pé ọdún tó dá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ló sọ irú ọkọ̀ ojú omi tí olóògbé fi ń ná ọjà. Ọmọdé kan bèèrè ìbéèrè, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà ló sì gbé ìtàn dé ibi tó ti dùn jù lọ. Nínú èyí tí àwa gbà fún iṣẹ́, kò sí ọ̀kankan nínú wọn.

Alẹ́ méje ní Ìbàdàn

Àwọn Ijaw náà ló ni ìwé tó yẹ kí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí lórí ìwọ̀n. Ní ọdún 1963, J. P. Clark, ọmọ Kiagbodo, fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gba ìtàn Ozidi lẹ́nu Okabou Ojobolo. Kì í ṣe ní etí omi ló ti gbà á o, Ìbàdàn ni, ní ilé Madam Yabuku, obìnrin Ijaw tó ń gbé ìlú náà. Alẹ́ méje ni wọ́n fi sọ ọ́. Clark fi ìtàn náà kọ eré onítàn tó jáde ní 1966, ṣùgbọ́n ìtàn gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kò jáde títí di 1977, pẹ̀lú orúkọ The Ozidi Saga, tí Izon àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ ara wọn.

Ohun tó mú ìwé náà yàtọ̀ ni pé àwọn olùgbọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín wọn wà níbẹ̀, ìbéèrè wọn wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ti apìtàn lẹ́yìn tàbí tí wọ́n fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Isidore Okpewho, tó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìtàn yìí títí dé ìwé rẹ̀ Blood on the Tides ní 2014, kò yé tẹnu mọ́ ipa tí àwọn olùgbọ́ kó nínú rẹ̀. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ wọ́n kúrò nínú ìwé náà yóò rí ìtàn ogun àti ẹ̀san, yóò sì rò pé òun ti ka Ozidi.

Ẹ jẹ́ kí a ro bí ìgbàsílẹ̀ yẹn ti rí. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe eré. Ọ̀mọ̀wé ló ṣètò rẹ̀, ní ìlú tó jìnnà sí Orua tí ìtàn náà ti ṣẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa iṣẹ́ ìwádìí, ó yẹ kó ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí kò bàjẹ́? Nítorí pé àwọn tó jókòó síbẹ̀ kò wá ran ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́. Ará ilé ni wọ́n tí wọ́n wà nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n wá gbọ́ ohùn ilé lálẹ́. Clark gbé ẹ̀rọ iṣẹ́ sáàárín fàájì àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó sì jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, kò lé wọn jáde. Nǹkan méjì ni ìyẹn, èkejì ló sì ṣòro jù, nítorí kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ bó bá gé wọn dànù.

A kò sọ pé ìwé náà kò ní àléébù. Ojú ìwé kò gbé orin. Ẹni tí kò mọ ohùn orin náà á kàn rí ọ̀rọ̀ kan náà ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, á ṣí i kọjá. Ó tún tóbi débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i á kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀.

Ìjálá tí ẹnikẹ́ni kò dá sí

Kí a wá bọ̀ sílé. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, ni ìwé tí gbogbo wa ń kà tí a sì fi ń kọ́ni. Babalọlá ṣàlàyé níbẹ̀ pé níbi tí wọ́n bá ti ń sun ìjálá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n asunjálá mìíràn a máa fetí sílẹ̀ dáadáa; bí ẹni tó ń sun ún bá ṣì í, ọ̀kan nínú wọn á já a lẹ́nu láti tọ́ ọ sọ́nà, òun náà á sì fèsì láti gbèjà ara rẹ̀. A ti fi àlàyé yìí ṣe ìbéèrè ìdánwò láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ojú ìwé dé ibi tí àwọn ìjálá náà wà, ohùn asunjálá nìkan ló gba gbogbo ojú ìwé. Ẹnikẹ́ni kò já a lẹ́nu.

A kò dá Babalọlá lẹ́bi. Ìjà tirẹ̀ yàtọ̀. Ní àkókò tí àwọn kan ń jiyàn pé bóyá ni ohun tí ọdẹ ń sun jẹ́ ewì, ó ní láti tò ó ní ìlà ní ìlà kí ojú ewì lè hàn lára rẹ̀, ó sì borí. Àwa tí a dé lẹ́yìn la sọ bátánì ìjà rẹ̀ di òfin. Ẹ ṣí iṣẹ́ àṣekágbá èyíkéyìí lórí rárà tàbí ẹkún ìyàwó ní ilé-ìkàwé yín: ìlà tó mọ́ tónítóní, nọ́ńbà ní márùn-ún márùn-ún, kò sí ẹni tó wúkọ́. Àwítúnwí àti àfiwé ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá kà jáde, ìyẹn kò sì nílò olùgbọ́ kankan.

Àwa gan-an jẹ̀bi. Nígbà tí à ń ṣe oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì wa, kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà la fi gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ ní agbègbè Ìsẹ́yìn. A bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n dákẹ́, wọn kò dákẹ́ tán. Nígbà tí a ń dà á kọ, a yọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn a fẹ́ kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rinrin ti bá wọn. Méjì já sínú ẹ̀rọ, àwọn yòókù kàn ń sín bí ẹni tí òtútù mú. Ìyá tó sun ẹkún náà ti lọ. Ìlà mímọ́ tónítóní tó wà lẹ́yìn ìwé wa ló kù. A rántí pé obìnrin kan fi ọ̀rọ̀ gún un lára, pé ìyá náà rẹ́rìn-ín, tó sì fi ohùn ẹkún gan-an dá a lóhùn láìdánu dúró. A kò rántí ohun tó sọ.

Ohun tí à ń fi máàkì kọ́ wọn

Láyé kásẹ́ẹ̀tì a lè ṣe àwáwí. Ojú kásẹ́ẹ̀tì kan kò ju ọgbọ̀n tàbí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ, owó bátìrì sì ń dunni. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ń jẹ téèpù. Fóònù ti gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ wa. Ó lè gba ohùn sílẹ̀ di àfẹ̀mọ́jú láìná kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe bó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni pé yóò ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, yóò lé àwọn ọmọdé síta, yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, mo fẹ́ gbà á sílẹ̀.” Ta ló kọ́ ọ? Ní sáà tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan mú oríkì tó gbà lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ wá. Ó kọ ibi tí aládùúgbò ti wọlé, ibi tí ọmọdé ti sunkún, àti ibi tí fóònù ẹlòmíràn ti dún. A fi bírò pupa kọ ọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: “Yọ ariwo kúrò.” Ó yọ ọ́. A fún un ní máàkì tó dára.

Àwọn kan yóò ní ó ṣòro láti fi àmì sórí ohùn níbi tí ènìyàn mẹ́ta ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni, ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ mọ̀ pé orí ń fọ́ni. Kí a kọ èyí tí a gbọ́, kí a sì sọ ibi tí a kò ti gbọ́; ìyẹn sàn ju kí a ṣe bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀ lọ. Àtakò tó wúwo jù ni ti àṣẹ. Àwọn tí ohùn wọn wọ inú ìgbàsílẹ̀ mọ̀lẹ́bí kò fún ilé-ẹ̀kọ́ láṣẹ, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò gbọdọ̀ jáde nínú ilé. Ní Ogbe-Ijoh náà, alábàáṣiṣẹ́ wa yọ méjì kúrò nínú ohùn tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, a kò sì bi í léèrè. Nítorí náà a kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kó ohun tó wà lórí WhatsApp ẹbí wọn wá. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ó gbà á bí ó ti rí, kí ó padà lọ tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ará ilé, kí àwọn fúnra wọn sọ èyí tó lè jáde. Yóò gba àkókò ju èyí tí kàlẹ́ńdà NCE fi sílẹ̀ lọ, a mọ̀. A ti dábàá ní ẹ̀ka wa pé kí fáìlì ohùn máa bá iṣẹ́ àṣekágbá wọlé, kí ó sì ní máàkì tirẹ̀. Wọn kò tíì gbà.

Fáìlì ohùn náà kò láyọ̀lé o. Fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe ìwádìí lọ́dún kejì kì í sábà bá a dé ọdún kẹta: olè gbé e, omi wọ̀ ọ́, tàbí ó tà á fi kún owó ilé-ẹ̀kọ́.

Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí a pe akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí a fi bírò pupa kọ̀wé sí. “Mo ti ta fóònù yẹn, sà,” ló wí. Nígbà tó ṣe ó tún pè wá padà. Lọ́jọ́ tó gbà á sílẹ̀, ó ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ̀ kan nítorí pé ó pa á lẹ́rìn-ín, àǹtí náà kò sì tíì pa á rẹ́. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó fi ránṣẹ́ sí wa. A gbé e sétí, a gbé ìwé rẹ̀ síwájú. Aládùúgbò tí a pè ní ariwo kò wá yá nǹkan kan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń gbọ́ láti ìta. “Ìyá, ẹ ti fo ti ìdílé ìyá yín o,” ló wí. Ìyá àgbà dá a lóhùn pé, “Ta ló ń lé mi? Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀,” ó sì ki ìdílé ìyá rẹ̀ kó tó padà sí ti bàbá. Láàárín ìlà 18 àti 19 ló yẹ kí èyí wà nínú iṣẹ́ tó wà ní ilé-ìkàwé wa.