Agodi Lójú Màmá Ìkẹ́nnẹ́

Ebiripo ló dá wa dúró. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni a ti sọ fún màámi pé aago méje òwúrọ̀ ni a ó ti Ṣàgámù wá gbé wọn, kí a lè wọ ọgbà Agodi ní Ìbàdàn kí oòrùn tó mú. Nígbà tí a dé Ìkẹ́nnẹ́, ìkòkò ṣì wà lórí iná, àwọn fúnra wọn sì jókòó ti ewé àti kókò tí wọ́n ti rin, wọ́n ń pọ́n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò rìnrìn àjò kankan. "Ṣé bísíkíìtì lẹ fẹ́ fi bọ́ ọmọ títí ilẹ̀ ó fi ṣú ni?" Ìyàwó mi ni wọ́n ń bi. Kò fèsì. Nígbà tí a ó fi gbéra, òórùn ewé gbígbóná ti gba inú ọkọ̀ kan, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, sì ti jẹ ọ̀kan tán.

Kì í kúkú ṣe pé Rẹ́mọ kò ní ohun tí a lè fi han ọmọ. Ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà, ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ibi tí wọ́n sin wọ́n sí ní 1987 náà sì wà níbẹ̀. Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956 kò jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ ọdún mẹ́ta síwájú ibojì Awólọ́wọ̀, àtẹ̀gùn ni yóò máa gùn. Ibi tí yóò ti sáré ló ń wá. Ní àdúgbò wa ní Ṣàgámù, pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí mo wà ní kékeré ti di ìsọ̀ látòkèdélẹ̀.

A gba Ìperu kọjá, a já sí Ògèrè, níbi tí tírélà ti tò lọ rẹrẹ létí títì. Ọmọ mi àárín kà wọ́n dé mẹ́tàlélọ́gọ́rin kí oorun tó gbé e lọ.

Màámi ti lọ sí Agodi rí. Ọdún 1974 ni, wọ́n wà ní praimárì karùn-ún. Ọ̀nà márosẹ̀ kò tí ì sí nígbà náà, 1978 ni wọ́n tó ṣí i, nítorí náà bọ̀lẹ̀kájà onígi ni tíṣà kó wọn sí, wọ́n sì kọrin títí ohùn gbogbo wọn fi há. Ọgbà náà kò ju ọmọ ọdún méje lọ; 1967 ni ìjọba dá a sílẹ̀ fún ẹranko àti igi. Màámi rí kìnnìún níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ nípa rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú: kìnnìún náà yán, ó fi ahọ́n lá imú, ó wá kẹ̀yìn sí gbogbo ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ pátá.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Omi gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lọ. Ó wọ Agodi, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko rẹ̀. Ọgbà náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí ìjọba Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Màámi gbọ́ pé wọ́n ti ṣí i. Wọn kò lọ.

Oṣù kẹjọ náà ni tiwa bọ́ sí, lákòókò tí òjò máa ń sinmi díẹ̀. Bí a ṣe wọ géètì ni atẹ́gùn tútù inú ọgbà náà pàdé wa. Éékà àádọ́jọ ni wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́, ojú sì gbà á gbọ́: igi ńláńlá, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, adágún omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àwọn kan ń ṣe ọjọ́ ìbí lábẹ́ igi, onífọ́tò ń wá oníbàárà kiri, ọkùnrin kan tó sùn lórí ẹní fi bàtà ọmọ rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Èmi ò mọ ohun tí àwọn kan ń wá lọ sí Dubai kí wọ́n tó gbà pé àwọn ti gbádùn.

Jáńgílófà ni ti àbíkẹ́yìn. Ṣéènì rẹ̀ ń ké kìín-kìín, bí ọmọ náà bá sì ti lọ sókè, á ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò bí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n di òfuurufú mú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wò ó. Walt Disney sọ pé orí bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ ni èrò ọgbà rẹ̀ ti sọ sí òun lọ́kàn, níbi tí òun ti ń wo àwọn ọmọbìnrin òun lórí ẹṣin onígi tó ń yí po, kí ó tó ṣí Disneyland ní Califọ́níà ní 1955. Èmi ò ronú kan ọgbà kankan ní tèmi. Ebiripo ni mo ń jẹ.

Lọ́dọ̀ àwọn ẹranko, a pẹ́ lọ́dọ̀ ìjàpá ju ibi yòówù lọ. Àbíkẹ́yìn lóṣòó tì í, ó ń retí kí ó sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo ìjàpá tó ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ kì í dákẹ́. Èyí rọra na ọrùn rẹ̀ tó hunjọ, ó já ewé kan, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ẹnu. Ọmọ náà fi ìka tẹ̀ lé ojú ìpààlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Màmá Ìkẹ́nnẹ́, ta ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀?" Màámi ní Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, ni.

Etí adágún ni màámi kò fẹ́ kí a dúró sí. Wọ́n di ọwọ́ àwọn ọmọ mú gírígírí, wọ́n ń wo ọ̀run léraléra. Ibẹ̀ ni ọmọ mi àárín, ẹni tó gbọ́ ìtàn náà nínú ọkọ̀ láàárín oorun, ti béèrè: "Màmá, kìnnìún yẹn, ṣé ó mọ omi wẹ̀?" Màámi tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n ní kí a lọ ká ẹní.

Ojú ọjọ́ ṣú lóòótọ́ nígbà tí aago mẹ́rin lù. Òjò kékeré kan sìn wá dé Ògèrè, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ti sùn, fèrè pupa tí a rà fún àbíkẹ́yìn ń fò lu òrùlé ọkọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A ń kọjá lára àwọn tírélà nígbà tí màámi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìbàdàn, wọn kò sì wo ẹnikẹ́ni.

"Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀."