Ìwé Tó Pín Ọpọlọ Sí Méjì

Ìwé kan tí Betty Edwards kọ ní 1979, Drawing on the Right Side of the Brain, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Ó ní kí ẹ dorí àwòrán Stravinsky tí Picasso yà kodò, kí ẹ wá yà á bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò! Kò ní sí “imú nìyí, bàtà nìyẹn” mọ́; ìlà lásán lojú á máa tẹ̀ lé.

Àlàyé rẹ̀ ni mi ò gbà tán. Ó ní apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń yàwòrán, kí apá òsì tó ń sọ̀rọ̀ yẹra. Iṣẹ́ Roger Sperry, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, ló gbé e lé. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni Sperry yẹ̀ wò? Àwọn oníwárápá ni, tí dókítà ti gé afárá tó so apá méjèèjì ọpọlọ wọn pọ̀. Bí wọ́n bá tẹjú mọ́ ọ̀gangan kan, tí àwòrán síbí yọ fìrí lápá òsì, ẹnu wọn á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ọwọ́ òsì á sì lọ ṣa síbí gan-an. (Ẹlẹ́rìí méjì nínú ara kan!)

Afárá tiwa ṣì wà o, fọ́nrán inú rẹ̀ tó nǹkan bí 200 mílíọ̀nù. Ẹni tó ń ṣe orin tuntun fún kóòrù nílò ọ̀rọ̀ àti ohùn pọ̀: bí ohùn bá gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ọkọ̀ Nóà á di ọkọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí ọ̀dọ́ wa kan bá ní, “Left brain ni mí, Pásítọ̀, mi ò lè ṣe orin.” Ta ló sọ fún un?

Ẹ ra ìwé náà fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n yàwòrán inú rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fo ibi tó ti ń ṣàlàyé ọpọlọ.