Dúró Ládiípọ̀ àti Ọba Tí Kò So

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti fi orin kíkọ àti eré ṣíṣe di iṣẹ́ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tó ti Dúró Ládiípọ̀ ará Òṣogbo. Hubert Ogunde ti ṣáájú rẹ̀ dé orí ìtàgé ní 1944, òkìkí rẹ̀ sì kàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n inú ilé wa gan-an ni Ládiípọ̀ ti jáde. Òṣìṣẹ́ Ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, òun pàápàá sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di eléré.

Ìlù ni ó fa ọ̀ràn. Ládiípọ̀ ṣe orin Àjíǹde, ó sì gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ inú ilé Ọlọ́run pẹ̀lú rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò dùn sí i, nítorí lójú wọn ìlù òrìṣà ni. Ó bá gbé orin rẹ̀ jáde síta. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sọ ilé ọtí tí Ládiípọ̀ ní di ẹgbẹ́ Mbari Mbayo, níbi tí eré àti iṣẹ́ ọnà gbé rí àyè. Àwa kì í ṣe ẹni tí í yin ilé ọtí. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ohun tí ìjọ ti ilẹ̀kùn mọ́, ilé ọtí ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Lónìí ńkọ́? Ta ni nínú wa tí kò jó sí dùndún ní ọjọ́ ìkórè? Ìlù kò yí padà, ojú tí a fi ń wò ó ni ó yí.

Eré rẹ̀ pọ̀. Ó ṣe Ọba Mórò ní 1962, Ọba Wàjà ní 1964, Mórèmí ní 1966. Ó sì ṣe Ẹ̀dá, tí ó mú láti inú eré àtijọ́ àwọn Kristẹni Yúróòpù, nípa ẹni tí ikú dé bá láìròtẹ́lẹ̀. Ọba Kò So ti 1963 ni ó ga jù lójú tiwa, òun ni a ó sì dúró lé lórí.

Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ wa ní Ọ̀yọ́, ti kọ irú ìtàn yìí sílẹ̀ nínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1921. Nínú ìwé náà, ìgbà Ọba Kòrí ni a rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Ikú Ṣàngó sì jẹ́ ìtàn mìíràn. Ládiípọ̀ kò pín wọn níyà. Ṣàngó ni ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ nínú eré rẹ̀, Ṣàngó náà ni ó tún rán Gbọ̀nkáà lọ mú un wá. Nígbà tí Gbọ̀nkáà sì ti pa Tìmì tán, ọba ni ó kọjú sí. Ibi tí ọgbọ́n eléré yìí wà nìyẹn. Ẹni tí ó ń ti ìjòyè kan sí èkejì kí ara lè rọ òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé rẹ̀ ká. Ó sá gba ọ̀nà ilẹ̀ Tápà, èyí tí í ṣe ilẹ̀ ìyá rẹ̀, kì í ṣe ìlú Tápà ti Ìbàràpá wa níhìn-ín. Ọya pàápàá kò sì bá a dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni Tìmì àti Gbọ̀nkáà fi jà ju ohun ìjà lọ, ìlù sì ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní Berlin ní 1964, àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá wo eré yìí. Ijó àti aṣọ ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n àgbà Ìgbó-Ọrà tàbí ti Ẹ̀rúwà kò nílò ògbufọ̀. Bí ó bá di ojú rẹ̀ pàápàá, eré ń lọ ní etí rẹ̀.

Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni í ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ a sì ṣe Ọya. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olórin kan tí í jẹ́ David Bowie sọ ara rẹ̀ di Ziggy Stardust ní 1972, ó kùn ojú, ó wọ aṣọ àrà. Ní ọdún kejì ó bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, ó sì lọ ṣe eré mìíràn nínú sinimá. Àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí Ládiípọ̀ bọ́ ti rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1978, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ààrá. Àwa kò ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyìn, nítorí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó fi fún òrìṣà.

Àwọn arákùnrin wa kan ń bẹ̀rù pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá pe ọfọ̀ Gbọ̀nkáà ti bọ òrìṣà. Gòláyátì fi àwọn òrìṣà rẹ̀ ré nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, a sì ń kà á sókè ní ilé Ọlọ́run. Ta ni ó wí pé òǹkàwé ti fi Dáfídì bú? Ní ti igbe ìkẹyìn, pé ọba kò so, ẹni tí ó wo eré dé òpin ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ké e. Ó mọ̀ ju àwọn tí ń ké lọ. Àbùkù tí àwa rí ni pé Ládiípọ̀ yára jù níbẹ̀: láti inú ìtìjú dé inú ìbọ, ìṣísẹ̀ kan péré ni. A ìbá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnì kan nínú èrò náà tí ó ṣiyèméjì.

Yunifásítì Ìbàdàn tẹ eré náà jáde ní 1972 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa mọ bí a ti ń yọ iná lẹ́nu, wọn kò mọ ọ̀rọ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ìwé yìí ní òpin ọdún, kí ó fi iná àti aṣọ pupa sílẹ̀ ná, kí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn ní ìjà Tìmì àti Gbọ̀nkáà nìkan, kí ó sì bẹ onílù gidi kan láti jókòó tì wọ́n.