Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé lórí Òǹkà Yorùbá

Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, tẹ àròkọ kúkúrú kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí òǹkà Yorùbá. Ó yẹ kí a gbé àròkọ náà yẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ òǹkà kan ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Kambolé lónìí.

Mann ṣàpèjúwe bí olùka owó ẹyọ ṣe ń da ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni ẹyọ 20.000, sílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kó o ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Oore tí àròkọ náà ṣe nìyí: ó fi hàn pé ọwọ́ ni òǹkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ìwé. Ṣùgbọ́n òkìtì ẹyọ ń fi àròpọ̀ hàn, nígbà tí orúkọ òǹkà ń fi àyọkúrò hàn. Àádọ́ta ni ọgọ́ta dín mẹ́wàá. Òkìtì nìkan kò lè sọ ìdí tí ènìyàn fi ní láti dé ọgọ́ta kí ó tó padà sẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù ni àádọ́ta ọ̀kẹ́, tí í ṣe 1.000.000. Ẹyọ 40 ni okùn kan. Okùn 50 ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Bí a bá tú àádọ́ta ọ̀kẹ́ palẹ̀, èjì mẹ́fà àti àrún mẹ́fà tí a sọ di púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí òmíràn. Nítorí náà nọ́ńbà 49 ni ó lè pín in láìṣẹ́kù. Ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ó tún jẹ́ ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kẹ́ kan ṣe é pín fún ẹni méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá pín in, ẹyọ méjì yóò ṣẹ́kù.

Samuel Johnson to orúkọ òǹkà lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Robert Armstrong ṣe ti rẹ̀ ní 1962. Helen Verran, ní 2001, kọ ohun tí ó rí nínú kíláàsì ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Síbẹ̀, Ìjàyè, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ni ojú wọn wà. Kambolé wà láàárín àwọn tí ń sọ Akaselem ní Tchamba àti àwọn tí ń sọ Tem ní Sokodé. Kò tọ́ kí a fi orúkọ Ọ̀yọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí. Ohun tí àwọn àgbà Kambolé ń pè é ni kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, nítorí bí àgbà bá lọ, orúkọ bá a lọ.

Àwọn kan ń sọ pé òǹkà Yorùbá le jù fún ọmọdé, pé ti Faransé ni ó rọrùn. Ṣùgbọ́n kí ni quatre-vingts bí kò ṣe ogún mẹ́rin, ohun kan náà tí ọgọ́rin ń sọ? Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí àádọ́ta fi jẹ́ ọgọ́ta dín mẹ́wàá ti kọ́ àyọkúrò kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sójú pátákó.