Ohun tí Ara Táyà Katakátá Ń Sọ, àti Ohun tí Kò Sọ

Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tí ń wọ oko, bóyá ni èyí tó kúrú tó àkọlé tí ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ sára táyà katakátá. Ẹni tó bá ṣì í kà, owó ńlá ni yóò fi kọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e sórí ìwọ̀n lámèyítọ́, bí a ti ń gbé ìwé àti eré. Òǹkàwé tí mo ní lọ́kàn ni àgbẹ̀ Adó-Àwáyè tó ní katakátá àtijọ́, irú Massey Ferguson 165 tí wọn kò rọ mọ́ láti nǹkan bí ọdún 1975. Táyà ẹ̀yìn ti dán bọ̀rọ́, òjò àkọ́rọ̀ sì kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyìn ni kí n fi ṣáájú. Àkọlé yìí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Bí ẹ bá rí 18.4-30, 18.4 ni fífẹ̀ táyà ní íńṣì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún un. 30 ni ìwọ̀n wíìlì tí yóò jókòó lé. Ìlà kékeré tó wà láàárín wọn fi hàn pé okùn inú táyà dábùú ara wọn, èyí tí à ń pè ní cross-ply. Bí lẹ́tà R bá gba ipò ìlà náà, radial ni. Àmì mìíràn ń sọ irú eyín táyà: R-1 wà fún oko gbígbẹ bíi tiwa. R-2, tí eyín rẹ̀ jìn, wà fún oko ìrẹsì inú àbàtà. R-4 wà fún katakátá tó ń ṣiṣẹ́ títì àti ilé. Ọfà kan tún ń tọ́ka ibi tí táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí. Àmì bíi mélòó kan péré, ẹni tó ṣe táyà ní Íńdíà àti fọkanáísà Ìsẹ́yìn sì gbọ́ra yé láìpàdé rí. Iyì èyí pọ̀ sí i láti ìgbà tí Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà lẹ́yìn ìyẹn. Òkè òkun ni táyà tuntun ti ń wá báyìí; ohun tó wà lára rẹ̀ nìkan ni ẹni tó ṣe é bá wa sọ.

Àbùkù àkọ́kọ́ ni pé àkọlé náà kò rántí àná. Àwọn ilé iṣẹ́ ti yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n padà. Táyà tí ìwé katakátá àtijọ́ pè ní 11-28 ni 12.4-28 òde òní; 13-28 di 14.9-28, 14-30 sì di 16.9-30. Radial tún mú tirẹ̀ dé: 460/85R30 ni wọ́n ń kọ sára èyí tó dọ́gba pẹ̀lú 18.4R30. Ẹni tí kò mọ̀ lè fi táyà tó bá katakátá rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó ní òun kò rí i rà. Àwọn tó ń kọ méjèèjì pọ̀, bíi 12.4/11-28, ló ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo wọn máa ṣe.

Èkejì ni PR (ply rating), tí wọ́n ń kọ tẹ̀lé nọ́ńbà kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé táyà 8 PR ní ìpele okùn mẹ́jọ nínú, pé bí nọ́ńbà bá sì ṣe tóbi tó ni táyà ṣe dára tó. Agbára ẹrù ni nọ́ńbà náà ń sọ, kì í ṣe iye ìpele. Lóòótọ́, táyà líle máa ń fara da kùkùté igi àyìn nínú oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ oníyanrìn, èyí tó bá le jù kì í tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Á máa yí lójú kan, epo á sì máa jó lásán.

Ohun tí àkọlé náà kò sọ ló wúwo jù. Kò sọ bí wíìlì ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Ẹni tó bá fipá gbé táyà ńlá sórí wíìlì tóóró, àárín rẹ̀ á wú, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ tán. Yàtọ̀ sí gbígbẹ àti àbàtà, kò sọ irú ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Radial ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń dín epo kù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ní ẹsẹ̀ òkè Adó-Àwáyè, níbi tí òkúta ti ń yọrí láàárín ebè, cross-ply ni mo gbè lẹ́yìn. Oko tó ti pẹ́, tí kùkùté ti tán nínú rẹ̀, ni kí a ná owó radial lé lórí.

Ọjọ́ orí táyà ńkọ́? Bí ó bá wà rárá, nọ́ńbà mẹ́rin tín-ín-rín ni: 3512 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2012. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ sì ni tòkunbọ̀ tí eyín rẹ̀ ṣì ga lè ti gbó, kó máa là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Táyà méjì sì lè ní nọ́ńbà ìwọ̀n kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ tuntun, kí èkejì ti jẹ dé ìdajì. Ìyípo wọn kò ní dọ́gba mọ́, jíà tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ní tèmi, iṣẹ́ gidi ni àkọlé yìí: ó ṣe ṣókí, ó sì péye. Ẹni tó ra katakátá tuntun ni wọ́n kọ ọ́ fún, wọn kò ro ti ẹni tó ń tún àtijọ́ ṣe. Nítorí náà, ẹ má ṣe kà á ní òun nìkan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ nọ́ńbà ara táyà àtijọ́ àti ti wíìlì síwèé. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sì wọn ilẹ̀ tó gbà kí ẹ lè mọ ìyípo rẹ̀. Bí owó bá sì wà, ẹ ra ti ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀.